Ìránṣẹ́ Tí Ń Di Ojú Egbò

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kú ìjókòó. Etí ni mo fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ta ni nínú wa ní Ìbàdàn níbí tí kò mọ ọmọbìnrin kan tí wọ́n lu etí fún, tí ojú ibẹ̀ jinná, tí àpá náà sì wá bẹ̀rẹ̀ sí í wú títí tó fi tó èkùrọ́? Kélọ́ìdì ni àwọn dókítà ń pè é. Ẹ wo ojú àwọn àgbà tó kọ àbàjà: olóòlà kan náà, abẹ kan náà, síbẹ̀ ilà ẹnì kan tẹ́ pẹrẹsẹ, ti ẹlòmíì yọ sókè.

Purotéènì kan wà tí ọwọ́ rẹ̀ ò kúrò nínú ọ̀rọ̀ yìí. TGF-beta lorúkọ rẹ̀, iṣẹ́ ìránṣẹ́ ló ń ṣe láàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì. Bí abẹ́rẹ́ bá ti gún etí, àwọn èròjà ẹ̀jẹ̀ tí ń jẹ́ platelet á sáré débẹ̀ láti dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Inú wọn ni TGF-beta wà, wọ́n á sì tú u sílẹ̀. Yóò kọ́kọ́ pe àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń gbógun ti kòkòrò àrùn, lẹ́yìn náà yóò pàṣẹ fún àwọn tí ń hun kólájìn, ìyẹn okùn tí ara fi ń rán ojú egbò pọ̀. Bí egbò bá dí tán, ó yẹ kí àṣẹ náà dákẹ́. Nínú kélọ́ìdì, kì í dákẹ́. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ahunkólájìn á máa ṣe TGF-beta tiwọn, wọ́n á máa hun ún lọ, àpá á kọjá ààlà egbò.

Ìdí nìyí tó fi ń dùn mí bí mo bá rí ẹni tó ti gé kélọ́ìdì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, tó sì ń tóbi sí i. Egbò tuntun ni gígé, egbò tuntun sì ń pe ìránṣẹ́ náà padà. Abẹ́rẹ́ triamcinolone, oògùn tí ń dín wíwú kù, tí wọ́n ń gún sínú àpá, tàbí iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ìtànṣán tẹ̀lé, sàn ju kí a kàn gé e lọ.

Ṣé kí a kúkú pa purotéènì náà rẹ́ ni? Lọ́dún 1992, àwọn onímọ̀ ròyìn eku tí kò ní TGF-beta1, ìyẹn ẹ̀yà kan lára TGF-beta, rárá. Ara àwọn tí wọ́n bí láàyè dá, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó pé oṣù kan, àwọn ọmọ ogun ara wọn kọjú ìjà sí ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró wọn, wọ́n sì kú. Ìránṣẹ́ tí ń di egbò ló tún ń dá ọmọ ogun ara lẹ́kun. Èyí ló jọ mí lójú jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ̀dọ̀ tí hepatitis B ń dá lóró lọ́dọọdún ń gba àṣẹ kan náà, títí yóò fi le bí àpá. Bẹ́ẹ̀ náà ni kíndìnrín tí àtọ̀gbẹ bà jẹ́. Ti jẹjẹrẹ ló ta kókó: níbẹ̀rẹ̀, TGF-beta kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì pọ̀ láṣejù, bó bá yá, jẹjẹrẹ á di etí sí àṣẹ yẹn, á sì fi purotéènì kan náà rẹ ọmọ ogun ara sùn.

Ìyá kan dìde: "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n má lu etí ọmọ mi ni?"

Mo ní, Mà, ẹ wo ẹbí yín àti ti bàbá ọmọ ná. Bí kélọ́ìdì bá wà níbẹ̀, ẹ fi etí rẹ̀ sílẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ lu ú nígbà tó ṣì kéré, kó tó pé ọdún 11, torí ewu kélọ́ìdì ń pọ̀ sí i bí ọmọ bá ti ń bàlágà.