Ẹ Jẹ́ Kí Wọ́n Béèrè Lójú Ọ̀nà

Bíbélì kíkà: Lúùkù 24:13-35

Àkọ́sórí: "Ọ̀rọ̀ kí ni ẹ̀yin ń bá ara yín sọ, bí ẹ̀yin ti ń rìn, tí ẹ̀yin sì fajúro?" (Lúùkù 24:17)

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará. Ṣé dáadáa la jí? Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó tún ṣí ojú wa sí ọjọ́ tuntun. Gbogbo ìjọ ni mo ń bá sọ̀rọ̀ láàárọ̀ yìí, àmọ́ ẹ̀yin ọ̀dọ́ lẹ jẹ mí lógún jù, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń dáwó bọ́ọ̀sì lọ́wọ́ fún ìjáde ẹgbẹ́. Ẹ kọ́kọ́ ka ibi tí mo kọ sókè yẹn jẹ́jẹ́. Kò gùn.

Àwọn ọmọ ẹ̀yìn méjì ló kúrò ní Jerúsálẹ́mù, wọ́n forí lé Émáúsì. Ìrìn ọgọ́ta fúrúlọ́ńgì ni, ìyẹn bíi kìlómítà 11. Kíléópà lorúkọ ọ̀kan. Bíbélì ò dárúkọ èkejì. Ọjọ́ Àjíǹde gan-an ni o. Àwọn obìnrin ti wá ròyìn pé ibojì ṣófo, àwọn méjèèjì gbọ́ ọ, kò sì wọ̀ wọ́n létí. Wọ́n ń lọ, wọ́n ń ro ó síwá-sẹ́yìn, ojú wọn fà ro. Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n sọ fún àlejò tó bá wọn lójú ọ̀nà: àwọn ti ní ìrètí pé Jésù ni yóò dá Ísírẹ́lì nídè. "Àwa ti ní ìrètí." Ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ ti bọ́ ló ń sọ̀rọ̀ báyẹn.

Jésù gan-an ni àlejò náà, wọn ò kàn dá a mọ̀ ni. Kò kọ́kọ́ wàásù fún wọn. Ìbéèrè ló bi wọ́n. Nígbà tí Kíléópà sì fèsì tìyanu-tìyanu pé ṣé àlejò ni í ṣe ní Jerúsálẹ́mù tí kò fi mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, Olúwa, tó jẹ́ pé òun gan-an ni wọ́n kàn mọ́ àgbélébùú, tún bi wọ́n pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ó jẹ́ kí wọ́n ro ẹjọ́ wọn láti orí dé ìdí: ìrètí wọn, ìjákulẹ̀ wọn, títí kan ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin tí wọn ò gbà gbọ́. Ìgbà tí wọ́n rò ó tán ló tó sọ fún wọn pé òye wọn kò yá àti pé wọ́n lọ́ra láti gbàgbọ́. Ìbáwí wà níbẹ̀, mi ò ní fi bò. Àmọ́ ó gbọ́ tán kó tó báwí, àti pé lẹ́yìn ìbáwí, ó bẹ̀rẹ̀ láti orí Mósè àti gbogbo àwọn wòlíì, ó ń ṣí Ìwé Mímọ́ fún wọn lórí ìrìn.

Ibi tí mo ń lọ rèé. Kò sí ìjọ tí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ kì í jáde mọ́. Ajé Ọdún Àjíǹde, October 1, ìparí ọdún, ẹ máa rí bọ́ọ̀sì wọn lójú ọ̀nà Olúmọ, Ìdànrè, Erin-Ìjẹ̀ṣà. Aṣọ kan náà lọ́rùn gbogbo wọn, kúlà jọ̀lọ́ọ̀fù lẹ́yìn ọkọ̀, ẹnì kan ti gbé sípíkà lé ẹsẹ̀. Inú mi máa ń dùn sí i. Àwọn àgbà kan ní fàájì lásán ni. Mi ò bá wọn lọ síbẹ̀. Ẹni tí kò bá bá ọ rẹ́rìn-ín rí, ó ṣòro kó tó lè sọ ohun tó ń dùn ún lọ́kàn fún ọ. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni ká lọ ká bọ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni bi ẹnikẹ́ni pé, kí lò ń rò tí ojú rẹ fi fà ro?

Mo bá ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ kan lọ sí Badagry nígbà kan. A wọ ilé tí wọ́n ń kó ẹrú sí láyé Ṣéríkí Abass, oníṣòwò ẹrú. Wọ́n fi ṣẹkẹṣẹkẹ̀ hàn wá, wọ́n fi irin tí wọ́n fi ń ti ẹnu ẹrú hàn wá. Àwọn tó ti ń pariwo látinú bọ́ọ̀sì dákẹ́ rọ́rọ́. Láti ibẹ̀ a lọ síbi igi Àgíà. Igi náà ti wó láti ọdún 1959, àmọ́ wọ́n mọ òpó ìrántí síbi tó wà, nítorí abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti wàásù ìhìn rere ní 1842, ọdún tí Thomas Birch Freeman, ajíhìnrere Mẹ́tọ́díìsì tí bàbá rẹ̀ jẹ́ adúláwọ̀, gúnlẹ̀ sí Badagry. Lẹ́yìn náà la dé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, èyí tí àwọn oníhìnrere CMS, ẹgbẹ́ ajíhìnrere ìjọ Áńgílíkà, kọ́ tán ní 1845, tó dojú kọ ọ̀sà.

Ibẹ̀ ni sìsítà kan ti lanu. Ó ní, "Bùrọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú o. Àwọn tó ra àwọn èèyàn wa nílé tá a kọ́kọ́ wọ̀ yẹn, ṣé kì í ṣe Bíbélì kan náà yìí ni wọ́n ń kà? Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé Ọlọ́run tèmi ni mò ń sìn, tí kì í ṣe ti àwọn tó ra bàbá ńlá mi?"

Ẹnì kan lẹ́yìn ti ń sọ pé, "Olúwa bá ọ wí, Sàtánì." Alága ẹgbẹ́ nawọ́ sókè. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán." A bá jókòó sílẹ̀ níbẹ̀. Alága ò bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń gbèjà. Ó ní òótọ́ ni, ọ̀pọ̀ àwọn tó ra ẹrú ń pe ara wọn ní Kristẹni. Àwa náà ló sì ń mú ara wa tà fún wọn, ẹ̀ṣẹ̀ sì ni lọ́dọ̀ apá méjèèjì. Arákùnrin kan tó ti kàwé kó tó wá ló wá sọ ìtàn Samuel Àjàyí Crowther fún wa.

Ọmọ Òṣoògùn ni Àjàyí. Ní 1821 ni ogun kó o, wọ́n sì ń tà á láti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn títí ó fi dé Èkó, inú ọkọ̀ àwọn Potogí. Oṣù Kẹrin ọdún 1822 ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà wọ́n sílẹ̀ tó sì kó wọn lọ sí Sàró (Sierra Leone). Níbẹ̀ ló ti kọ́ ìwé, tó ṣèrìbọmi ní 1825, tó sì wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ́kọ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ Fourah Bay ní 1827. Nígbà tí òun àti àwọn oníhìnrere CMS ẹgbẹ́ rẹ̀, Townsend àti Gollmer, dé Badagry ní oṣù Kìíní 1845, Abẹ́òkúta ni wọ́n ń lọ. Wọ́n gbọ́ pé Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá tó fẹ́ràn àwọn oníhìnrere, ti kú. Ọ̀nà dí. Bí ọdún kan àbọ̀ ni wọ́n fi há sí etí ọ̀sà yẹn, tí Àjàyí ń wàásù, tó ń kọ́ni, tó sì ń túmọ̀ Ìwé Mímọ́ sí èdè ìyá rẹ̀. Oṣù Kẹjọ 1846 ni wọ́n tó dé Abẹ́òkúta. Oṣù náà kò tíì parí tí ìyá rẹ̀, Àfàlà, fi wá bá a níbẹ̀. Ọdún 25 ni wọn ò ti fojú kan ara wọn! Nígbà tí màmá ṣèrìbọmi ní 1848, Hánà ni wọ́n sọ ọ́, ìyá Sámúẹ́lì.

Arákùnrin yẹn ní ẹni tí wọ́n tà gan-an ló fi ẹnu ara rẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ Ọlọ́run bọ̀ wálé. Sìsítà wa ò ní ó ti yé òun tán. Ó ní òun máa lọ kà á, òun á sì tún béèrè. Mo fẹ́ràn bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń wá òtítọ́ kì í parí rẹ̀ lọ́jọ́ kan, kò sì yẹ ká fipá mú un ṣe "Àmín" kó lè dà bíi pé ó ti parí.

Ẹ̀yin àgbà ìjọ, ẹ jọ̀ọ́, mo fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́. Àwọn ọmọ wa ní ìbéèrè tí wọn ò gbé wá bá wa. Ẹni tí wọn ò sanwó oṣù fún fẹ́ mọ bí òun ṣe máa san ìdámẹ́wàá. Ẹni tó gbààwẹ̀ títí tí ìyá rẹ̀ ṣì kú fẹ́ mọ ìdí. Ẹni tí bàbá rẹ̀ jẹ́ Mùsùlùmí, tí wọ́n gbé ẹran Iléyá síwájú rẹ̀, fẹ́ mọ èyí tí yóò ṣe tí kò fi ní kẹ́gàn bàbá rẹ̀ tí kò sì ní sẹ́ Olúwa rẹ̀. Òmíràn ti fi owó ilé ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù, ojú ń tì í. Ìbéèrè tá a bá fi "má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́" bò dà bí egbò tá a fi aṣọ wé láìfọ̀: inú ló ti ń kẹ̀. Wọn á bá ẹlòmíì sọ ọ́ bó pẹ́ bó yá, a ò sì mọ ẹni náà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ náà, ẹ̀tọ́ àtibéèrè ní iṣẹ́ tirẹ̀. Àwọn ará Bèríà inú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 17:11 gba ọ̀rọ̀ tọkàntọkàn, wọ́n sì ń yẹ Ìwé Mímọ́ wò lójoojúmọ́ bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí. Ẹ yan ẹnì kan kó ka ìtàn ibi tí ẹ ń lọ sílẹ̀. Lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ pa sípíkà fún wákàtí kan, kí ẹ jókòó yí ara yín ká. Èyí tó wá ṣe pàtàkì jù: ohun tí ẹnì kan bá sọ níbẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dé orí ìkànnì WhatsApp lálẹ́ ọjọ́ náà, kódà bí ẹ bá fi "ẹ bá wa gbàdúrà fún un" ṣe ìbòjú. Òfófó ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ni ìyẹn ti pa.

Oúnjẹ náà ní ipò tirẹ̀. Nídìí tábìlì, nígbà tó bu àkàrà fún wọn, ni ojú àwọn ará Émáúsì là. Lálẹ́ yẹn kan náà ni wọ́n dìde tí wọ́n padà sí Jerúsálẹ́mù.

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà.

Bàbá wa, a dúpẹ́ fún òòrùn òní àti fún èémí tó wà nínú wa. Gba ọpẹ́ wa, ní orúkọ Jésù.

Jésù Olúwa, ìwọ tó bá àwọn méjì rìn nígbà tí ìrètí wọn pin, bá àwọn ọ̀dọ́ wa rìn lónìí. Ẹni tó ń wá iṣẹ́, ẹni tí físà rẹ̀ kò jáde, ẹni tí ọ̀nà dí mọ́ lójú bó ṣe dí mọ́ Àjàyí lójú ní Badagry, má ṣe jẹ́ kí àkókò ìdúró rẹ̀ ṣòfò. Fún un ní iṣẹ́ tí yóò máa ṣe títí ọ̀nà yóò fi là.

Olúwa, ìbéèrè wà nínú ẹnì kan tó ń ka ọ̀rọ̀ yìí, kò tíì rí ẹni tó lè sọ ọ́ fún. Rán ẹni tí yóò gbọ́ ọ tán sí i lọ́sẹ̀ yìí.

Fún àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ ọ̀dọ́, fún wọn ní sùúrù. Fún wọn ní ìgboyà láti sọ pé "mi ò mọ̀, ẹ jẹ́ ká jọ wá a." Gbà wọ́n lọ́wọ́ ìgbéraga ẹni tó gbọ́dọ̀ fèsì sí gbogbo nǹkan.

Pa wá lẹ́nu mọ́ níbi tó yẹ ká pa á mọ́, Olúwa, kí àṣírí ará wa má ṣe tẹnu wa jáde.

Gbogbo ọkọ̀ tó ń gbé àwọn ọmọ rẹ lọ gbé wọn bọ̀, mú wọn lọ láyọ̀, mú wọn bọ̀ láyọ̀. Bo awakọ̀, bo táyà, bo bíréèkì. Ẹ̀mí kan kò ní ṣòfò nínú wọn. Kí wọ́n má lọ ní méjìlá kí wọ́n bọ̀ ní mọ́kànlá, ní orúkọ Jésù.

Àwọn ìyá tó ń wojú ọ̀nà fún ọmọ tó ti jìnnà sí wọn, yálà ní ìlú òkèèrè ni o, tàbí nínú ìgbàgbọ́, Olúwa, mú àwọn ọmọ náà padà wálé bí o ti mú ọmọ Àfàlà padà fún un.

Ní orúkọ Jésù Krístì Olúwa wa la gbàdúrà. Àmín.