Ààjà Tó Ń Gbé Bàálù Ró

Ẹ wo bébà ọwọ́ mi yìí. Mo ṣẹ́ ẹ ní igun mẹ́ta, bí apá Concorde, bàálù akérò tó ń sáré ju ohùn lọ láyé àtijọ́. Tí mo bá gbé imú rẹ̀ sókè, tí afẹ́fẹ́ ń bọ̀ láti iwájú, afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ á fẹ́ gba etí bébà sá wá sókè. Etí yẹn mú bí abẹ. Afẹ́fẹ́ ò lè rọra yí i ká, ló bá já kúrò lára apá, ó ká bí ẹní, ó di ààjà méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Àárín ààjà ń fa nǹkan mọ́ra, òun ló ń fa apá sókè. Nígbà tí Concorde ṣì ń fò, bó bá fẹ́ balẹ̀, á gbé imú sókè tó nǹkan bíi dígírì 14, àwọn ààjà yìí ló sì ń gbé e ró. Lọ́jọ́ tí ọ̀rinrin bá pọ̀, àwọn èèyàn máa ń rí ìkùukùu funfun wọn lórí apá.

Kí ni wọ́n fi wá rí wọn? Kì í ṣe kọ̀ǹpútà! Henri Werlé, olùwádìí kan ní Châtillon lẹ́bàá Paris, omi àti aró ló lò. Aró á gùn tínrín bí òwú láàárín ààjà, gbọnrangandan, àfi gbàù tó bá tú ká. Ní Farnborough, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dún 1957, àwọn olùwádìí méjì, Peckham àti Atkinson, wo inú wind tunnel, ihò ńlá tí wọ́n ti ń fẹ́ afẹ́fẹ́ lu apá bàálù láti dán an wò, wọ́n sì rí òwú ìkùukùu tó ṣàdédé fẹ̀ bí ẹnu kàkàkí, tó sì pòórá. Ààjà ti fọ́ nìyẹn, agbára tó ń gbé apá sì dín kù.

Mo ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, màá tún sọ ọ́: ẹni tí kò tíì fojú ara rẹ̀ rí ààjà tó fọ́, kó yéé fi àwòrán aláwọ̀ mèremère inú kọ̀ǹpútà tàn wá. Àwọ̀n tí ojú rẹ̀ bá fẹ̀ jù, ẹja kéékèèké á bọ́ lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọ̀n ìṣirò, ìyẹn ojú kéékèèké tí kọ̀ǹpútà máa ń pín afẹ́fẹ́ sí kó tó ṣírò rẹ̀: bí ojú rẹ̀ bá fẹ̀, ààjà á rọ kó tó dé ibi tó yẹ kó ti fọ́.

Ibí ni ọ̀dọ́bìnrin kan ti nàka lẹ́yìn. “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé kọ̀ǹpútà ò tíì ṣáájú wind tunnel rí ni?”

Ó ti ṣáájú rí. Mo pa ìwé mi dé kí n lè dá a lóhùn. Ní Göttingen, ní Jámánì, wọ́n dán apá onígun mẹ́ta kan wò, tí etí iwájú rẹ̀ dagun sẹ́yìn ní dígírì 65, tó sì rí roboto. Wọ́n fi ọ̀dà kan kùn ún, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń yàtọ̀ bí afẹ́fẹ́ bá ṣe tẹ̀ ẹ́ sí. Ọ̀dà fi ojú ìfàmọ́ra méjì hàn níbi tí wọ́n ti ń retí ẹyọ kan. Kí ni ìkejì? Ìṣirò kọ̀ǹpútà ló dáhùn: ààjà mìíràn wà nínú lọ́hùn-ún. Wọ́n tan iná lésà síbi tó júwe, wọ́n sì bá a níbẹ̀. Ọmọ mi, o ṣeun. Ọ̀dà ló béèrè, kọ̀ǹpútà ló júwe, lésà ló jẹ́rìí.

Alága ti ń wo aago. Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ kan parí rẹ̀, F/A-18, bàálù ogun Amẹ́ríkà: ààjà rẹ̀ máa ń fọ́, á máa gbá ìrù rẹ̀ méjèèjì títí irin á fi rẹ̀. Wọ́n gbé odindi bàálù náà sínú wind tunnel NASA, àjọ òfurufú Amẹ́ríkà, ní Ames, tí ẹnu rẹ̀ ga ní ẹsẹ̀ bàtà 80, tó sì fẹ̀ ní 120. Irin pẹlẹbẹ kékeré tí wọ́n gbé nàró níwájú apá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara bàálù, ló ń dín ìgbátí náà kù.