Fíìmù Tó Ní Sùúrù: Èrò Mi Lórí Díẹ̀ Nínú Àwọn Eré Tí Mo Wò Láìpẹ́

(Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí mo ṣe fún àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn sinimá. Mo tún un kọ síbí fún ẹ̀yin tí ẹ kò lè wá.)

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjókòó. Wọ́n ní kí n wá sọ èrò mi lórí àwọn fíìmù tí mo ń wò lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, pàápàá àwọn tí kò ní iléeṣẹ́ ńlá lẹ́yìn, tí àwọn tó ṣe wọ́n ń tọrọ owó kiri kí wọ́n tó gbé kámẹ́rà. Mo fẹ́ tètè sọ ibi tí mò ń lọ. Ohun tí mo fi ń mọ fíìmù tó dára ni sùúrù. Ṣé kámẹ́rà dúró ti èèyàn títí tá a fi mọ irú ẹni tó jẹ́ ni, àbí ó sáré kọjá lọ sí ibi tí ariwo wà? Lójú mi, ìbéèrè yìí ló ya fíìmù kan sọ́tọ̀ kúrò lára òmíràn, ju owó ìnáwó lọ, ju orúkọ òṣèré lọ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí Eyimofe. Àwọn ìbejì kan, Arie àti Chuko Esiri, ló darí rẹ̀, ọdún 2020 ló sì kọ́kọ́ jáde ní àjọ̀dún sinimá ìlú Berlin. Èkó ni wọ́n ti yà á, orí fíìmù tó fẹ̀ ní mìlímítà 16 bíi tayé àtijọ́ ni wọ́n sì yà á sí. Wáyà lẹ máa kọ́kọ́ rí. Wáyà tó lọ́ mọ́ra, tó di jágbajàgba nínú àpótí iná kan, àti ọwọ́ ọkùnrin kan tó ń wá ibi tí ọ̀ràn ti ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀. Mofe lorúkọ rẹ̀, Jude Akuwudike ló ṣe é. Oníṣẹ́ iná ni ní iléeṣẹ́ kan tí àwọn ọ̀gá kò fẹ́ ra irinṣẹ́ tuntun, tí wọ́n ní kó máa lẹ̀ ẹ́ pọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ń tu owó jọ láti lọ sí Sípéènì.

Lẹ́yìn náà ni èéfín jẹnẹrétọ̀ pa àbúrò rẹ̀ obìnrin pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ lójú oorun. Ẹ̀yin náà mọ bí fíìmù ọjà wa ṣe máa ń ṣe irú èyí. Igbe á ta, orin ọ̀fọ̀ á bọ́ sígboro, èèyàn mẹ́ta á wó lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nínú fíìmù yìí, ìwé ló kù. Mofe ń lọ láti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì, ó ń sanwó níbí, ó ń buwọ́ lùwé lọ́hùn-ún, owó tó fẹ́ fi rìnrìn àjò ń yọ́ lọ díẹ̀díẹ̀. Kò ráyè sunkún. Ẹni tó bá ti sìnkú rí ní ìlú wa mọ̀ pé bó ṣe ń rí gan-an nìyẹn. Àwọn olùdarí náà fọkàn tán wa pé a máa rí ìbànújẹ́ náà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni nàka sí i, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn fún un.

Apá kejì, ti Rosa, kò wọ̀ mí lára tó bẹ́ẹ̀. Temi Ami-Williams tó ṣe Rosa kò lẹ́gbẹ́ o. Onídìrí ni lọ́sàn-án, ó ń ṣiṣẹ́ nílé ọtí lálẹ́, ó ń tọ́jú àbúrò rẹ̀ tó lóyún, Ítálì ló sì ń wò lọ́ọ̀ọ́kán. Obìnrin tó fẹ́ bá wọn ṣètò ìrìnàjò náà ti fojú sí ọmọ inú oyún yẹn. Ọ̀rọ̀ ńlá lèyí. Ṣùgbọ́n onílé ń fẹ́ Rosa, òyìnbó Amẹ́ríkà kan ń fẹ́ ẹ, àárín àwọn ọkùnrin méjèèjì yìí sì ni fíìmù náà ń sáré sí nígbà tí mo fẹ́ kó jókòó sí ilé irun, kí n rí ọwọ́ Rosa lẹ́nu iṣẹ́ bí mo ṣe rí ọwọ́ Mofe.

Láti Èkó, ẹ jẹ́ ká lọ sí Ìbàdàn. Alain Kassanda, ọmọ tí wọ́n bí ní Kinshasa, tó dàgbà ní Faransé, gbé Ìbàdàn fún ọdún mélòó kan, ó sì ṣe dókúmẹ́ńtárì méjì níbẹ̀ tí ó yẹ kí gbogbo ọmọ Ìbàdàn wò. Àkọ́kọ́ ni Trouble Sleep, ti ọdún 2020. Kò gùn rárá. Ojú títì ni gbogbo rẹ̀ dá lé lórí, awakọ̀ takisí kan àti ọmọ yúníọ̀nù kan tó ń gbowó lọ́wọ́ àwọn awakọ̀ ló sì ń tẹ̀ lé. Gbogbo wa ta a ti wọ takisí n'Ìbàdàn mọ bí agbèrò ṣe ń na ọwọ́ wọ ojú fèrèsé tí ọkọ̀ kò tíì dúró tán. Ohun tí a kì í sábà ní ni àyè láti jókòó ti agbèrò yẹn fúnra rẹ̀, ká gbọ́ bó ṣe ń rò ó, ká mọ̀ pé òun náà ní ẹni tó ń jíṣẹ́ owó fún. Kassanda kò dá ẹnì kankan lẹ́jọ́ nínú wọn. Ó kàn jẹ́ kí àwọn méjèèjì sọ tẹnu wọn.

Èkejì, Coconut Head Generation, jáde ní 2023, ó sì gba ẹ̀bùn tó ga jù ní àjọ̀dún Cinéma du Réel ní Paris. Yunifásítì Ìbàdàn ló ti ṣẹlẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan máa ń pàdé lọ́jọ́bọ̀, wọ́n á wo fíìmù, wọ́n á tan iná, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn. Àríyànjiyàn yẹn gan-an ni fíìmù náà. Wọ́n ń jà lórí ọ̀rọ̀ ọkùnrin àti obìnrin, lórí ẹ̀yà, lórí ìjọba, lórí yàrá ibùgbé tí wọ́n kó wọn sí. Kámẹ́rà kì í sáré padà sọ́dọ̀ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ó máa ń dúró lójú ẹni tó ń gbọ́. Ọmọbìnrin kan á máa fọwọ́ lẹ́rán, ẹ ó sì rí i tí èrò rẹ̀ ń yí padà láìtíì la ẹnu. Nígbà tí fíìmù náà dé oṣù kẹwàá ọdún 2020, tí EndSARS gbòde, àwọn ọmọ tí a ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn nínú yàrá náà la ń bá lọ sójú títì. A ti mọ ohùn wọn. Ìdí nìyẹn tí ìròyìn Lekki fi dùn mí nínú fíìmù yìí ju bó ṣe dùn mí lórí tẹlifíṣọ̀n lọ. Àwọn àgbà tó ń pe àwọn ọmọ yìí ní olórí kunkun, ẹ bá mi sọ fún wọn kí wọ́n wá wò ó.

Ibi tí mo ti fẹ́ pẹ́ jù lónìí ni Dahomey, fíìmù Mati Diop, tó gba Béárì Oníwúrà, ẹ̀bùn tó ga jù, ní àjọ̀dún Berlin ní 2024. Dókúmẹ́ńtárì ni, kò ju ìṣẹ́jú 68 lọ. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, Faransé dá ohun ìṣẹ̀ǹbáyé 26 padà fún orílẹ̀-èdè Benin, lára ohun tí ọmọ ogun Ọ̀gágun Dodds ti Faransé kó láàfin Abomey, olú ìlú ìjọba Dàhòmì àtijọ́, ní 1892. Fíìmù náà tẹ̀ lé ẹrù yẹn láti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Quai Branly ní Paris títí dé Cotonou. Àwọn òṣìṣẹ́ ń di ère, wọ́n ń rọra gbé e, bí ìgbà tí èèyàn bá ń gbé aláìsàn sórí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n tẹ́ ẹ sínú àpótí, wọ́n dérí rẹ̀, ojú àwòrán wá ṣókùnkùn birimù. A kò rí nǹkan kan mọ́. Ìró irinṣẹ́ tó ń de àpótí náà pa nìkan là ń gbọ́. Nígbà tí wọ́n tún ṣí i, ilẹ̀ Benin la wà, olùtọ́jú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ń yẹ ère kọ̀ọ̀kan wò, ó ń ka ibi tó ti sán àti ibi tó ti kán fún ẹni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Mi ò mọ ìgbà tí mo ti rí ohun tó fọkàn balẹ̀ tó báyẹn lórí ìjókòó sinimá.

Wọ́n fún ère Ọba Gezo, ọba Dàhòmì nígbà kan, ní ohùn. Nọ́ńbà 26 ni wọ́n ń pè é, Fọ̀n ló ń sọ, ohùn rẹ̀ jìn bí ẹni pé láti inú kànga. Àwọn kan fẹ́ràn èyí púpọ̀. Èmi kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ ẹ. Àpótí tó ṣókùnkùn yẹn ti sọ gbogbo ohun tí ohùn náà fẹ́ sọ.

Mo tún ní ohun mìíràn tó ń ru nínú mi, torí ọmọ Yorùbá ni mí. Ọba Gezo yìí ló kó ogun wá bá Abẹ́òkúta ní 1851 tí àwọn Ẹ̀gbá fi lé e padà. Glele, ọmọ rẹ̀, tún padà wá ní 1864. Ní 1886, ọmọ ogun Dàhòmì pa Kétu run, wọ́n kó àwọn èèyàn rẹ̀ lẹ́rú. Àwọn ọmọ Kétu wà ní Benin títí dòní, ọmọ orílẹ̀-èdè kan náà pẹ̀lú àwọn tó ń kí ère Gezo káàbọ̀. Báwo ni ọmọ Kétu ṣe ń wo ère yẹn? Fíìmù náà kò fi bẹ́ẹ̀ dúró síbẹ̀, ó sì yẹ kó dúró. Olè ni ẹni tó kó ère náà lọ Paris, a ò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ Kétu bo olè yẹn mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n èèyàn lè sọ òtítọ́ méjèèjì pọ̀ nínú fíìmù kan.

Ibi tó mú kí n dárí ji fíìmù náà ni ìpàdé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Abomey-Calavi. Inú ń bí wọn gidi. Ọ̀kan ní ìwọ̀sí ni pé ohun 26 péré ló padà nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Òmíràn ní inú òun dùn, pé ìbẹ̀rẹ̀ ni. Ọ̀kan tún sọ pé èdè Faransé lòun fi ń sọ̀rọ̀ lórí ohun ìní bàbá òun, torí kò sẹ́ni tó kọ́ òun láti fi èdè òun sọ ọ́ nílé ìwé. Ọ̀rọ̀ yìí gún mi. Mo rò ó lọ sí ère irin Gu, Ògún tiwa, tí Akati Ekplekendo rọ, tí kò sí nínú 26 náà. Ó ṣì wà ní Paris.

Mo fẹ́ kí ẹ wo fíìmù Ẹ̀bùn Pàtàkì pẹ̀lú, tí Damilola Orimogunje darí ní 2020. Meg Otanwa ló ṣe Derin, ìyàwó tó bímọ pẹ̀lú ìnira tí kò sì lè fọkàn gba ọmọ náà mọ́ra. Gabriel Afolayan ni ọkọ rẹ̀. Inú ilé la wà ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Ìyá ọkọ dé, ó fẹ́ ran ìyàwó lọ́wọ́ bí gbogbo ìyá ọkọ ṣe ń ṣe, gbogbo gbólóhùn rẹ̀ sì ń já lulẹ̀ bí òkúta. Kì í ṣe ìkà èèyàn. Ohun tó le nínú fíìmù náà nìyẹn: kò sẹ́ni burúkú nínú ilé yẹn, obìnrin náà sì ń rì. Ọmọ dé, a ní ká jó. Ta ló rí ìyá tó jókòó síbi tí kò lè jó? Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ tuntun nílé, ẹ wò ó pẹ̀lú ìyàwó yín.

Mami Wata ti C.J. Obasi, ti 2023, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Àwòrán rẹ̀ dúdú àti funfun ló gbé e ga, ọmọ Brazil kan, Lílis Soares, ló yà á ní ilẹ̀ Benin, ó sì gba ẹ̀bùn fún un ní Sundance, àjọ̀dún sinimá kan ní Amẹ́ríkà. Ìtàn inú rẹ̀ kò tó àwòrán rẹ̀.

Èyí tó kẹ́yìn ni My Father's Shadow, ti Akinola Davies Jr., òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Wale ló kọ ọ́. Ní 2025 ó di fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí wọ́n yàn sínú àṣàyàn tí àjọ̀dún sinimá Cannes ní Faransé fúnra rẹ̀ ń ṣe. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni, ọdún 1993, lẹ́yìn ìbò June 12. Bàbá kan, tí Sope Dirisu ṣe, kó àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin méjì lọ sí Èkó láti lọ béèrè owó oṣù tí wọ́n jẹ ẹ́. Epo wọ́n, ọkọ̀ dúró sọ́nà, àwọn èrò ọkọ̀ ń jà lórí ìṣèlú. Àwọn ọmọ ń wo bàbá wọn. Ojú ọmọdé ni a fi ń rí gbogbo rẹ̀: ọwọ́ bàbá, ẹ̀jẹ̀ tó yọ nímú rẹ̀, bí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe ń kí i ní orúkọ tí àwọn ọmọ kò mọ̀ mọ́ ọn. Ìjọba Babangida fagi lé ìbò náà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ọmọ náà tàbí fún wa. Ẹ̀rù tó wà lójú àwọn àgbà ni ìròyìn. Mo gbọ́ tí àwọn kan ní fíìmù náà ń fà. Mo ní kí wọ́n tún un wò, kí wọ́n wá sọ ibi tí wọn yóò gé kúrò.

Ó dùn mí púpọ̀ pé ó ṣòro láti rí àwọn fíìmù yìí wò nílé. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń kọ́kọ́ rìn yí Yúróòpù ká kó tó kàn wá, bí wọ́n bá sì dé sinimá wa, wọn kì í pẹ́. Ibi tí a ti lè rí irú wọn ni àjọ̀dún bíi iREP fún dókúmẹ́ńtárì àti S16, Èkó sì ni méjèèjì. Ìbàdàn ńkọ́? Òṣogbo ńkọ́? Ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìbàdàn ṣe lọ́jọ́bọ̀ kò gbà ju yàrá kan, ẹ̀rọ tó ń tan àwòrán sára ògiri, àti ẹni tó máa kọ lẹ́tà gba àyè lọ́wọ́ olùdarí. Ilé ìwé wà ládùúgbò yín. Gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì àti ti mọ́ṣáláṣí wà.

Nígbà tí a parí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan béèrè èwo ni kí òun kọ́kọ́ fi han bàbá òun tí kì í wo nǹkan kan ju bọ́ọ̀lù àti ìròyìn lọ. Mo ní kó lọ wá Trouble Sleep. Kò gùn, èdè inú rẹ̀ kò ní ṣàjèjì sí bàbá, bàbá á sì ti máa tako agbèrò yẹn kí ìṣẹ́jú márùn-ún tó pé.