Bí a ṣe ń da fláwà géètì kọ láti inú fọ́tò sínú AutoCAD

Ẹ káàbọ̀. Géètì onílẹ̀kùn méjì ló wà lójú sírínì yìí, irú èyí tí ẹ máa rí ní àdúgbò Bódìjà: fláwà onírin tó ká wà lápá òkè, ewé tí wọ́n gé láti ara páànù wà láàárín. Oníbàárà ní irú ẹ̀ gan-an lòun fẹ́. Iṣẹ́ wa ni ká fi AutoCAD, ètò ìyàwòrán orí kọ̀ǹpútà, sọ fọ́tò yìí di ìlà tí wẹ́dà lè tẹ rọ́ọ̀dù lé lórí, tí ẹ̀rọ plasma tó ń fi iná gé páànù náà sì lè gé láìgbọ̀n. Ìlà tó kàn rẹwà lójú kọ̀ǹpútà kò tó fún wa.

Ká bẹ̀rẹ̀ látorí fọ́tò, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ti ń bàjẹ́. Ẹni tó máa yà á gbọ́dọ̀ dúró síwájú àárín ilẹ̀kùn gan-an, kí fóònù wà ní ìdajì gíga rẹ̀, kó má dà á sẹ́yìn, kó má sì yà á láti ẹ̀gbẹ́. Kó fà sẹ́yìn tó ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, kó wá fi zoom fa géètì wá sí tòsí. Bó bá sún mọ́ ọn jù, àárín géètì á wú bí ikùn nínú fọ́tò, ọ̀pá tó gún régé á sì tẹ̀ létí. Kó fi téèpù wọn ìbú àti gíga ilẹ̀kùn kan. Tiwa: ìbú fíìtì 6, ìyẹn mílímítà 1829, gíga fíìtì 7, mílímítà 2134. Bó bá fẹ́ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kó fi ránṣẹ́ bíi document. Tó bá fi ránṣẹ́ bíi fọ́tò lásán, WhatsApp á fún un pọ̀, etí irin á wá di kùrukùru.

Ẹ ṣí fáìlì tuntun. Ẹ tẹ UN, Enter, kí ẹ mú Millimeters. Ẹ fi Ctrl+S tọ́jú fáìlì náà sínú fódà tí fọ́tò wà. Ẹ tẹ LA, ẹ ṣe léyà (ìpele ìyàwòrán) méjì: ọ̀kan FOTO, ọ̀kan ILA. Ẹ fún ILA ní àwọ̀ pupa. Irin dúdú ni, ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ funfun. Pupa máa ń yọ lórí méjèèjì.

Léyà FOTO ni ká wà báyìí. IMAGEATTACH, Enter, ẹ mú fọ́tò, kí ẹ sì yan Relative path. AutoCAD kì í gbé fọ́tò mì sínú fáìlì. Ọ̀nà tó máa gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nìkan ló ń kọ sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹlòmíì fi máa ń ṣí fáìlì tí ẹ fi ránṣẹ́ sí i, tó sì jẹ́ férémù òfìfo àti orúkọ fọ́tò nìkan ló máa bá. Fódà lódindi ni kí ẹ máa fi ránṣẹ́, tàbí kí ẹ lo ETRANSMIT, tó máa kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ fún yín.

Tí géètì bá dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ nínú fọ́tò, RO ló kàn. Ẹ mú fọ́tò, ẹ tẹ igun ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn lápá òsì, ẹ kọ R, ẹ tún tẹ igun òsì yẹn, ẹ tẹ igun ọ̀tún, kí ẹ wá kọ 0. Ó ti dúró déédéé.

Òṣùwọ̀n ló kù. SC, ẹ mú fọ́tò, ẹ tẹ igun òsì. R, Enter. Igun òsì, igun ọ̀tún. Ó ń béèrè iye tuntun: 1829, Enter. Fọ́tò lè fò kúrò lójú yín níbí, kò sọnù. Z, Enter, E, Enter, ó ti dé. Ẹ ṣàkíyèsí pé odindi ìbú ilẹ̀kùn ni mo lò. Tó bá jẹ́ nǹkan tó gùn ní mílímítà 100 péré lẹ fi ṣe òṣùwọ̀n, tí ọwọ́ sì fi mílímítà 1 ṣì, àṣìṣe yẹn á ti di 18 kó tó dé òpin ilẹ̀kùn.

Ẹ fi DI wọn gíga láti yẹ ara yín wò. Ó gbé 2129 wá, a sì ń retí 2134. Márùn-ún lórí fíìtì méje, mo gbà á. Ká ní 2080 ni, ibi tí a máa dúró sí nìyí: fóònù ló dà sẹ́yìn, SC ò sì lè wo irú àìsàn yẹn sàn. Ẹ ní kí wọ́n lọ tún un yà.

Ẹ tẹ etí fọ́tò kí táàbù Image yọ, kí ẹ gbé Fade sí 50 tàbí 60. DR, ẹ mú fọ́tò, B, ó bọ́ sẹ́yìn. Ẹ wá fi Lock ti léyà FOTO, kí ọwọ́ má bàa gbé e kúrò níbi tó wà. Àwọn kan máa ń fi IMAGEFRAME sí 0 kí férémù má hàn, wọ́n á wá máa wá bí wọ́n ṣe máa rí fọ́tò náà mú. 2 ni kí ẹ fi í sí: férémù á hàn lójú sírínì, kò sì ní jáde lórí ìwé.

Ó yá, ẹ bọ́ sórí ILA. Ẹ pa F3 (tó ń fa àmì mọ́ ìlà tó wà nítòsí) àti F8 (tó ń fipá mú ìlà gún), torí bí F3 bá ṣì wà ní títàn, ibi tí ẹ tẹ̀ á máa fò lọ mọ́ férémù tàbí ìlà mìíràn.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa tẹ SPL níbí, ìyẹn Spline, ìlà tó ń tẹ̀ gba inú àmì tí ẹ bá tẹ̀, wọ́n á wá máa tẹ àmì tò yí fláwà ká, bí ẹni ń to ìlẹ̀kẹ̀. Èmi ò fara mọ́ ọn. Spline kì í ní àárín kan, kò ní rédíọ̀sì kan, kí ni wẹ́dà máa wá fi ṣe òṣùwọ̀n ibi tó máa tẹ̀ ẹ́ sí? Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ plasma náà ò mọ̀ ju ìlà gbọọrọ àti Arc (apá òbìrí) lọ. Wọ́n á gé Spline sí ègé kéékèèké, iná ẹ̀rọ á máa ta gìrì láti ègé dé ègé, etí páànù á wá rí bí eyín ayùn. Bí àmì bá sì ṣe pọ̀ tó ni ìlà ń gbọ̀n tó, torí kò sí ọwọ́ tó lè tẹ ọgbọ̀n àmì kí gbogbo wọn bọ́ síbi tó yẹ.

PL (Polyline, ìlà alásopọ̀) la máa lò, pẹ̀lú A, tó ń sọ ọ́ di Arc. Ọmọ ajẹ̀gbín yó ni wá n'Íbàdàn, ẹ ti mọ bí ìkarahun ṣe ń yí: ìdajì òbìrí ńlá, ìdajì tó kéré sí i, títí dé ojú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni fláwà yìí. Ó yí ẹ̀ẹ̀mejì ààbọ̀, nítorí náà Arc márùn-ún ló máa gbà, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àárín rọ́ọ̀dù ni kí ẹ tọ̀, ẹ má tọ etí rẹ̀. Òjìji máa ń lẹ̀ mọ́ etí kan, ẹ ò sì ní mọ̀ ibi tí irin parí sí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìta. PL, ẹ tẹ orí fláwà, A, S, ẹ tẹ àárín ìdajì òbìrí àkọ́kọ́, ẹ tẹ òpin rẹ̀. Láti ibí lọ, òpin Arc kọ̀ọ̀kan nìkan lẹ máa tẹ̀, torí Polyline máa ń bá ọ̀nà tí Arc ìṣáájú fi parí lọ fúnra rẹ̀, kò sí igun láàárín wọn. Bí ọ̀kan bá ṣì, U á yọ ọ̀kan yẹn nìkan. Ìdí tí a fi bẹ̀rẹ̀ láti ìta ni pé Arc kékeré tó wà nínú kò fàyè gba àṣìṣe. Tí ẹ bá ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ìṣìnà bíńtín á ti fẹ̀ kó tó jáde síta.

Nínú tiwa, rédíọ̀sì jáde sí 130, 105, 80, 55 àti 30. Ẹ tẹ LI, kí ẹ mú ìlà: gígùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1257. Iye rọ́ọ̀dù tí wẹ́dà máa gé nìyẹn, kó fi díẹ̀ kún un fún ibi tó máa fi mú un.

Ẹ dán an wò pẹ̀lú O, tó ń ya ìlà mìíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́: O, 6, Enter, sí ọ̀tún àti òsì, torí rọ́ọ̀dù mílímítà 12 ni. Bí ẹ bá rí igun ṣóńṣó lára ìlà tuntun, Arc méjì ò wọ ara wọn níbẹ̀. Ẹni tó bá fi grip (àmì búlúù tó ń yọ lára ìlà tí a bá mú) àárín fa Arc kan lẹ́yìn tó parí ló sábà máa ń bá èyí pàdé; ó ń tún ọ̀kan ṣe, ó ń ba oríkèé méjèèjì jẹ́. Ó sàn kí ẹ tún apá yẹn kọ.

Ewé yàtọ̀ díẹ̀, torí ó ní ṣóńṣó. Tí ẹ bá dé ṣóńṣó, Polyline á fẹ́ bá ọ̀nà tó ń bọ̀ lọ, ewé á wá yí po bí okùn. Ẹ kọ S níbẹ̀, ẹ tẹ àárín etí kejì, kí ẹ tẹ òpin rẹ̀. CL ló ń pa á dé. Ìdajì ewé nìkan lẹ nílò tí àárín rẹ̀ bá gún: ẹ fi MI dà á sí ìdàkejì, kí ẹ fi J so ó pọ̀. Bí J bá kọ̀, àlàfo kan wà tí ojú ò rí. Ẹ lo PE, tó ń tún Polyline ṣe: PE, M, ẹ mú méjèèjì, J, kí ẹ fún un ní 0.5. Ẹ wo Properties: Closed gbọ́dọ̀ jẹ́ Yes, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ̀rọ ò ní mọ inú yàtọ̀ sí ìta.

Bí ẹ bá ti gba iṣẹ́ tó jẹ́ Spline lọ́wọ́ ẹlòmíì, ẹ kọ PLINECONVERTMODE, ẹ fi sí 1, kí ẹ tó lo PE lórí rẹ̀. 0 ni wọ́n máa ń bá a níbẹ̀, ìyẹn á sì sọ ọ́ di ìlà gbọọrọ wẹ́wẹ́.

Fún ẹ̀rọ plasma, ẹ tẹ OVERKILL kí ìlà tó gorí ara wọn kúrò, torí ẹ̀rọ á gé ojú kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ pa léyà FOTO, kí ẹ wá lo SAVEAS sí DXF, irú fáìlì tí ẹ̀rọ náà lè kà.

Fún wẹ́dà, ẹ tẹ fláwà sórí ìwé ní 1:1. Ìwé A0 pàápàá jẹ́ mílímítà 841 sí 1189, ilẹ̀kùn lódindi ò lè gba ibẹ̀, fláwà kan ṣoṣo ló ń fẹ́. Ẹ yọ àmì kúrò níwájú Fit to paper. Ẹ fa ìlà gbọọrọ 100 sẹ́gbẹ̀ẹ́ fláwà, kí ẹ sì fi rúlà wọ̀n ọ́n níbi tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, kí ẹ tó sanwó. Bó bá jẹ́ 97, ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ti dá Fit padà. Ẹ ní kó tún un tẹ̀.