Ọwọ́ Màmá Mi ní Ọjà Olúwo

Ẹ kọ́kọ́ wo àwòrán yìí dáadáa. Ọwọ́ obìnrin kan ni. Ìpẹ́ epìyà lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọwọ́ náà, ó sì fi àkísà àǹkárá di àtàǹpàkò rẹ̀, níbi tí ẹ̀gún ẹja àrọ̀ ti gún un. Fọ́tò náà rí bàìbàì. Síbẹ̀, nínú gbogbo èyí tí mo ti yà, òun ló jọ mí lójú jù. Ọwọ́ màmá mi ni, ní ọjà Olúwo, níbí ní Ẹ̀pẹ́.

Ẹ káàbọ̀ o. Fọ́tò ìgbéyàwó, ìsìnkú, ìkómọjáde, yíyà wọn ni mo fi ń jẹun. Iṣẹ́ gidi ni. Ṣùgbọ́n lóde ìnáwó, ẹni tó sanwó ló mọ ohun tó fẹ́ rí: kí gèlè dúró, kí ẹ̀rín hàn, kí ẹbí pé. Àwòrán tí ẹnikẹ́ni ò bẹ̀ mí níṣẹ́ rẹ̀ ni ojú mi fi ń kọ́ṣẹ́.

Àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi máa ń bi mí pé, “Bọ̀ọ̀dá, níbo lẹ ti ń rí nǹkan tẹ́ ẹ máa yà?” Wọ́n rò pé àfi kéèyàn rìnrìn àjò. Mo máa ń sọ̀rọ̀ J.D. ’Okhai Ojeikere fún wọn, ayàwòrán ọmọ Nàìjíríà, tí wọ́n bí ní 1930, tó sì kú ní 2014. Ní 1968 ló bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun orí àwọn obìnrin ilẹ̀ wa, irun dídì àti irun kíkó tí gbogbo wa ń rí lójoojúmọ́ tá a sì ń kọjá lára rẹ̀. Ẹ̀yìn orí ló sábà máa ń yà, títí ojú ìlà irun fi hàn gbangba bíi poro oko. Ọdún gorí ọdún, àwòrán irun náà tó bí 1,000. Ọ̀rọ̀ irun kò sú u!

Èmi, ẹja ni tèmi. Àárọ̀ kùtùkùtù ni mo máa ń lọ. Nígbà tí oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ máa ń la afẹ́fẹ́ púpọ̀ kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Afẹ́fẹ́ á fọ́n àwọ̀ búlúù inú rẹ̀ ká, èyí tó pupa rúsúrúsú ló máa kù. Ẹ̀gbẹ́ ló sì ti ń wá, nítorí náà gbogbo ìpẹ́, gbogbo ìhunjọ ara, ló máa ní òjìji tirẹ̀. Lọ́sàn-án, oòrùn dúró sórí èèyàn ni, ihò ojú á ṣókùnkùn. Tẹ́ ẹ bá sì bá àwọn tó ń yan ẹja pàdé, ẹ dúró níbẹ̀: èéfín máa ń gbá ìmọ́lẹ̀ mú, ẹ máa rí i tó nà tàntàn bí òpó.

Bí ojú kámẹ́rà ṣe máa ṣí pẹ́ tó náà ṣe pàtàkì. Tí mo bá fi sí 1/500 ìṣẹ́jú àáyá, ìpẹ́ tó ta sókè á dúró sínú afẹ́fẹ́. Tí mo bá fi sí 1/30, ọwọ́ á máa ṣàn bí omi. 1/30 ni mo fẹ́ràn, torí ọwọ́ màmá mi kì í sinmi.

Àwòrán bí ogójì ni mo yà lọ́jọ́ tó di àtàǹpàkò yẹn. Ní Sátidé, káàdì tí kámẹ́rà mi ń tọ́jú àwòrán sí kún lójú agbo, mo bá pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ kí àyè lè gba ti ìyàwó. Mo ní màá tún un yà. Ìgbà tí màá fi padà dé ọjà, ọwọ́ ti jinná, wọ́n ti tú àkísà dànù. Ẹyọ kan tí mo ti fi ránṣẹ́ sí àbúrò mi lórí WhatsApp ló kù, òun lẹ rí lẹ́ẹ̀kan. Ó ṣì ń dùn mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ra káàdì kejì fún àwòrán ara yín, ẹ má sì jẹ́ kí iṣẹ́ oníbàárà dé orí rẹ̀.

Ní Mọ́ńdè tó kọjá mo tún dé ọ̀dọ̀ màmá mi.

“Ọwọ́ mi yìí náà lo tún wá yà? Kò sú ẹ ni?”

“Kò sú mi, Màámi.”

Wọ́n mú epìyà kan, wọ́n yí i sí ojú oòrùn. “Ó dáa, tètè yà á. Oníbàárà mi ń bọ̀.”