Ta Ló Kàn? Ọ̀rọ̀ Àwọn Rohingya àti Ìlú Kékeré Tó Lọ Pẹjọ́

Ẹ̀dà ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí mo ṣe nìyí. Àwọn tó ṣètò rẹ̀ ní kí n yọ àwàdà kúrò nínú ẹ̀ kó tó bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo yọ méjì.

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Gbogbo wa la mọ òwe ará ilé tó ń jẹ kòkòrò búburú: bí a ò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ ò ní jẹ́ ká sùn lóru. Mo fẹ́ràn òwe yìí, ṣùgbọ́n mo ní ẹjọ́ bá a rò. Oorun tiwa ló ń gbà rò. Ẹni tí yàrá rẹ̀ jìnnà ńkọ́? Ẹni tí hẹ̀rẹ̀huru ò dé etí ẹ̀, ṣé kó máa sùn lọ ni? Ohun tí mo gbé wá lónìí nìyẹn. Bí mo bá ń ṣáko lọ, ẹ fà mí padà, torí mo mọ ara mi.

Ìpínlẹ̀ Rakhine wà létí òkun, ní ìwọ̀-oòrùn Myanmar, orílẹ̀-èdè kan ní gúúsù ìlà-oòrùn Éṣíà. Odò Naf ló wà láàárín ẹ̀ àti Bangladesh. Àwọn Mùsùlùmí tí wọ́n ń pe ara wọn ní Rohingya ti wà níbẹ̀ láti ìran dé ìran, ìjọba sì ní àlejò láti Bangladesh ni wọ́n. Ìbọn nìkan kọ́ ni wọ́n lò o. Wọ́n lo ìwé náà. Òfin jíjẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè tí ìjọba ọ̀gágun Ne Win ṣe ní 1982 ní àwọn ẹ̀yà tó ti fìdí kalẹ̀ níbẹ̀ ṣáájú 1823 ló ni ilẹ̀. Ẹ̀yà 135 ni ìjọba kà sí ọmọ onílẹ̀, Rohingya ò sí níbẹ̀. Ẹ gbọ́ ná, ta ló ní ìwé 1823 nílé nínú wa? Ọjọ́ ìbí bàbá tèmi gan-an, kóòtù la ti lọ búra sí i.

Káàdì funfun kan wà tí wọ́n fún wọn, pé kí wọ́n ṣì máa mú un lọ́wọ́ ná. Wọ́n fi dìbò ní 2010. Nígbà tó di 2015, ọdún ìdìbò míì, ìjọba ní kí wọ́n dá káàdì náà padà. Wọ́n dá a padà, wọ́n sì fún wọn ní rìsíìtì. Ẹ fojú inú wò ó: odidi èèyàn, ẹ̀rí pé ó wà láyé kù sí rìsíìtì káàdì tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣáájú ìgbà yẹn, wọ́n ti lé wọn lẹ́ẹ̀mejì. Ní 1978, ó lé ní 200,000 tó sá lọ sí Bangladesh. Ní 1991 sí 1992, nǹkan bí 250,000 tún sá. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún yín pé 2017 ló bá aráyé lójijì, ẹ rọra wo ojú ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá dé 2017. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ, ìgbìmọ̀ tí Kofi Annan darí gbé àbọ̀ ìwádìí wọn jáde, wọ́n ní kí ìjọba tún òfin 1982 yẹn yẹ̀ wò. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò tíì mọ́ tán tí àwọn ajìjàgbara Rohingya tí wọ́n ń pè ní ARSA fi kọlu nǹkan bí ọgbọ̀n àgọ́ ọlọ́pàá. Àwọn sọ́jà dá a padà fún gbogbo ẹ̀yà náà, àtàgbà àtọmọdé. Láàárín oṣù díẹ̀, àwọn tó ti sọdá lé ní 700,000. Mi ò ní ka ohun tójú wọn rí fún yín, ẹ ti rí fọ́tò. Ẹyọ kan ni mo máa mẹ́nu bà, ti abúlé Inn Din: ọkùnrin mẹ́wàá lórí ìkúnlẹ̀, wọ́n tò wọ́n ní ìlà kan, ọwọ́ wọn wà lẹ́yìn. Kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú, wọ́n ti wà nínú kòtò kan náà. Àwọn akọ̀ròyìn Reuters méjì tó tú àṣírí ẹ̀ gba ẹ̀wọ̀n ọdún méje, wọ́n sì lò ju ọjọ́ 500 lọ kí wọ́n tó dá wọn sílẹ̀. Àwọn sọ́jà méje tó pààyàn gba ọdún mẹ́wàá. Wọn ò lò tó ọdún kan. Ẹ bá mi ṣe ìṣirò yẹn.

Ó wá ku ta ló kàn. Mo ní àwọn ọ̀rẹ́ kan, ọ̀kan wà níjókòó yìí, mi ò ní tọ́ka sí i, tí wọ́n gbà pé àwọn alágbára ni irú ọ̀rọ̀ báyìí wà fún. Ó dáa. Àwọn alágbára wà ní Ìgbìmọ̀ Aláàbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Wọ́n jókòó, wọ́n dìde, wọ́n tún jókòó. China àti Russia wà níbẹ̀, agbára láti ní ó tì wà lọ́wọ́ wọn. Àwọn ará àdúgbò, ìyẹn àwọn ilẹ̀ ASEAN, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè gúúsù ìlà-oòrùn Éṣíà, ní àwọn kì í dá sí ọ̀rọ̀ ilé onílé.

Ta ló wá lọ? Gambia! Ìlú tí èèyàn inú ẹ̀ ò tó mílíọ̀nù mẹ́ta. Ní 2018, mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè wọn ò ráyè lọ sí ìpàdé àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Mùsùlùmí, OIC, ní Dhaka, olú-ìlú Bangladesh, wọ́n bá rán mínísítà ètò ìdájọ́, Abubacarr Tambadou. Ọkùnrin yìí ti ṣiṣẹ́ rí ní ọ́fíìsì agbẹjọ́rò kóòtù tó dá ẹjọ́ ìpakúpa Rwanda. Ó dé àgọ́ àwọn ogúnléndé Rohingya ní Cox's Bazar, ní Bangladesh níbẹ̀, ó tẹ́tí sí wọn, ó sì rí i pé òun ti gbọ́ irú ìtàn yìí rí. Orílẹ̀-èdè 57 ló wà nínú OIC. Nàìjíríà wà níbẹ̀, ẹ rántí ariwo tó sọ nílé wa nígbà tá a wọ̀ ọ́ ní 1986. Gbogbo wọn gbárùkù ti ẹjọ́ náà, ṣùgbọ́n orúkọ ẹyọ kan ló wà lára ìwé ìpẹ̀jọ́ tó wọ Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé ní Hague ní ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá, 2019.

Aung San Suu Kyi, tó ń darí ìjọba Myanmar nígbà náà, fúnra ẹ̀ ló wá rojọ́ fún wọn. Ẹni tí wọ́n fún ní ẹ̀bùn àlàáfíà Nobel ní 1991! Nínú gbogbo ohun tó sọ, kò fẹnu kan orúkọ Rohingya, àfi níbi tó ti ń dárúkọ ARSA. Èmi tí mo máa ń gbàdúrà fún un nígbà tí wọ́n tì í mọ́lé, mo pa tẹlifíṣọ̀n.

Ní ọjọ́ 23 oṣù kìíní, 2020, kóòtù pàṣẹ pé kí Myanmar dáàbò bo àwọn èèyàn náà. Gbogbo adájọ́ ló fohùn ṣọ̀kan, títí kan èyí tí Myanmar fọwọ́ ara ẹ̀ yàn. Myanmar ní kí ló kan Gambia nínú ọ̀rọ̀ yìí ná, wọn ò pààlà, ẹnikẹ́ni ò sá dé ọ̀dọ̀ wọn. Èsì kóòtù ní 2022, adájọ́ 15 sí ẹyọ kan, ni pé gbogbo ẹni tó tọwọ́ bọ àdéhùn 1948 lórí ìpẹ̀yàrun ló kàn. Myanmar náà ti tọwọ́ bọ̀ ọ́ láti 1956. Ibi tí mo ti bá òwe wa jà nìyẹn. Hẹ̀rẹ̀huru ò dé Banjul, olú-ìlú Gambia. Wọ́n ń sùn dáadáa, wọ́n sì dìde.

Alága ti ń gbé aago ọwọ́ sókè, ẹ jẹ́ kí n sáré. Ojú ewé mẹ́fà ló kù. Kóòtù ICC, ìyẹn kóòtù àgbáyé tó ń dá ẹjọ́ ìwà ọ̀daràn: Myanmar ò sí nínú ẹ̀, ṣùgbọ́n Bangladesh wà níbẹ̀, orí ilẹ̀ Bangladesh sì ni ìwà ọ̀daràn lílé èèyàn kúrò nílé parí sí. Ọ̀nà tí wọ́n gbà wọlé nìyẹn, Fatou Bensouda, agbẹjọ́rò àgbà kóòtù náà nígbà náà, ọmọ Gambia náà ni, ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ní 2024, agbẹjọ́rò kóòtù náà ní kí wọ́n fàṣẹ mú ọ̀gágun Min Aung Hlaing, tó jẹ́ olórí àwọn sọ́jà Myanmar ní 2017. Argentina ní ẹjọ́ tiẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Facebook gbà pé àwọn lọ́ra láti yọ ọ̀rọ̀ ìkórìíra kúrò. Ó yẹ kí n lo wákàtí kan lórí ìyẹn. Àwọn apẹja Aceh, ní Indonesia, tó fa ọkọ̀ ogúnléndé yọ lójú òkun ní 2015, nígbà tí ọmọ ogun ojú omi ń tì wọ́n padà, àwọn gan-an ló yẹ kó dúró níbi tí mo dúró sí yìí. Mo dúpẹ́.

Ibi tó yẹ kó parí sí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà kan dìde láàárín èrò. Wọn ò gba makirofóònù.

“Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Ibi tí ẹ ń sọ yìí, ṣé kì í ṣe Bọ́mà ni?”

Mo ní òun ni, mà, orúkọ tí wọ́n ń pe Myanmar tẹ́lẹ̀ nìyẹn.

“Bàbá mi jagun níbẹ̀. Odò Kaladan ni wọ́n máa ń dárúkọ. Ẹ wá ní hẹ̀rẹ̀huru wọn ò dé ọ̀dọ̀ wa?”

Mo ti fi ogójì ìṣẹ́jú ṣàlàyé pé kò dìgbà tí ọ̀rọ̀ bá kan ilé ẹni. Ẹnu mi wọhò. Nítorí òótọ́ ni: inú Rakhine ni odò Kaladan wà, Arakan ni wọ́n ń pè é nígbà náà, ibẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì kó àwọn bàbá wa lọ bá Japan jà. Mo bá sọ ohun tí mi ò ní lọ́kàn láti sọ, ìtàn Isaac Fadoyebo, ọmọ Emure-Ile nítòsí Ọ̀wọ̀. Ọmọdé ló ṣì jẹ́ nígbà tó wọṣẹ́ sọ́jà. Ní 1944, àwọn ará Japan ká wọn mọ́ etí odò yẹn, ìbọn bà á, kò lè rìn. Òun àti ọmọ Sierra Leone kan ló kù. Àgbẹ̀ Mùsùlùmí ará abúlé kan ló fi wọ́n pa mọ́ fún nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án, ó ń bọ́ wọn. Bí Japan bá rí wọn, ilé àgbẹ̀ náà ló máa jóná.

“Kí ni àwọn ọmọ àgbẹ̀ yẹn ń jẹ báyìí?” Ìyá náà ò tíì jókòó.

Mo sọ fún wọn. Ní 2023, owó oúnjẹ ẹnì kan lóṣù nínú àgọ́ Cox's Bazar wá sílẹ̀ láti dọ́là 12 sí 10 ní oṣù kẹta, ó sì di 8 ní oṣù kẹfà. Nǹkan bíi sẹ́ǹtì 27 lójúmọ́. Wọ́n tún fi kún un lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n wọ́n ti jẹ ẹ́ báyẹn fún oṣù bíi mélòó kan.

“Nàìjíríà ńkọ́?”

Nàìjíríà tọwọ́ bọ àdéhùn ìpẹ̀yàrun yẹn ní 2009. Canada, Faransé, Jámánì, Gẹ̀ẹ́sì, Denmark, Netherlands àti Maldives ti kọ̀wé sí kóòtù pé àwọn náà lọ́rọ̀ sọ nínú ẹjọ́ yìí. Orúkọ tiwa ò sí níbẹ̀.

Ìyá náà bi mí pé ta lèèyàn ń kọ lẹ́tà sí. Mo ní mínísítà ètò ìdájọ́, l'Ábújá; ti Gambia náà, mínísítà ètò ìdájọ́ ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Wọ́n ṣí báàgì wọn, wọ́n mú ìwé ètò ọjọ́ náà jáde, wọ́n yí i sẹ́yìn, wọ́n ní kí n kọ àdírẹ́sì ẹ̀ síbẹ̀ fún àwọn.