Fífi Háídrójìn Pa Oòrùn Ẹ̀ẹ̀rùn Mọ́ Di Ìgbà Òjò

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ pé jọ ní Òṣogbo lónìí, mo kí yín. Ìlú yìí ni ibùdó tí wọ́n ti ń darí iná ọba jákèjádò Nàìjíríà wà, níbi tí wọ́n ti ń ṣọ́ ọ tọ̀sán-tòru kí iná tí à ń pèsè àti èyí tí à ń lò lè máa dọ́gba. Ohun tí ó mú kí iṣẹ́ náà nira ni pé iná mànàmáná kì í dúró de ẹnikẹ́ni: èyí tí a kò bá lò lójú ẹsẹ̀, àfi kí á sọ ọ́ di nǹkan mìíràn kí á tó lè tọ́jú rẹ̀. Háídrójìn, gáàsì tí a lè fi iná yọ lára omi, jẹ́ ọ̀kan nínú irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí ó ní sólà lórí òrùlé mọ̀ pé bátìrì tó láti gbé iná ọ̀sán di òru, torí pé bátìrì lithium ń dá ohun tí ó lé ní ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún iná tí a fi sínú rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ra bátìrì tí yóò gba oòrùn oṣù Kejì sílẹ̀ di oṣù Kẹjọ, tí ìkùukùu ti bo ojú ọ̀run, nígbà tí ó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lọ́dún ni yóò máa ṣiṣẹ́? Níbi àlàfo gígùn yìí ni háídrójìn ti wúlò. Èmi kò bá àwọn tí ń polówó rẹ̀ bí arọ́pò bátìrì ilé gbà rárá.

Ẹ wo ife dígí tí ó wà lórí tábìlì yìí. Omi tí a pò mọ́ báákìn sódà díẹ̀ ni; a gbẹ́ pẹ́ńsù méjì ní orí àti ìdí, a fi wáyà so wọ́n mọ́ bátìrì kékeré, a sì ti ìdí wọn bọ omi. Ìhó wẹ́wẹ́ ń jáde lára méjèèjì, ṣùgbọ́n ti ẹnu bátìrì tí ó ní àmì ìyọkúrò tó ìlọ́po méjì ti èkejì. Háídrójìn nìyẹn. William Nicholson àti Anthony Carlisle ti fi iná pín omi báyìí ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1800.

Ẹ̀rọ ńlá tí ń pín omi báyìí ń fẹ́ omi tí a ti sẹ́ mọ́ tónítóní, kì í ṣe omi Ọ̀ṣun tí iṣẹ́ àwọn awakùsà ti sọ di pípọ́n, ó sì dùn mí láti sọ bẹ́ẹ̀. Kílógíráàmù háídrójìn kan ń gba bíi lítà omi 9 àti yúnìtì iná 50 sí 55, irú yúnìtì tí à ń rà sínú mítà. Bí a bá sọ ọ́ di iná padà, bíi 17 sí 20 ni yóò kù. Àdánù náà pọ̀. Ṣùgbọ́n oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn tí kò sẹ́ni tí yóò lò ó, gbogbo rẹ̀ ni ìbá ṣòfò.

Ìpamọ́ ni ìṣòro gidi. Bí a kò bá fún un pọ̀, kílógíráàmù kan ń gba àyè tí ó lé ní lítà 11,000. Bí a bá fún un dé 700 bar, ìyẹn bíi ìlọ́po 700 ìfúnpọ̀ afẹ́fẹ́ tí ó yí wa ká, yóò wọ bíi lítà 25, ṣùgbọ́n àgbá tí ó lè gbà á mọ́ra wọ́n púpọ̀. Láti sọ ọ́ di olómi, a ní láti mú un tutù dé dígírì 253 sí ìsàlẹ̀ òdo, yóò sì tún máa hó dànù díẹ̀díẹ̀.

Ní Teesside, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, inú ihò tí wọ́n gbẹ́ sínú iyọ̀ abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀ láti 1972, torí pé iyọ̀ kì í jẹ́ kí ó jò. Ṣùgbọ́n àpáta líle ni ó wà lábẹ́ Òṣogbo, nítorí náà Sweden ni ó yẹ kí á wò. Ní Luleå, àwọn HYBRIT, iṣẹ́ àjọṣe àwọn ilé-iṣẹ́ Sweden tí ń fẹ́ fi háídrójìn ṣe irin, gbẹ́ ihò oní-lítà 100,000 sínú àpáta, ní bíi mítà 30 sí abẹ́ ilẹ̀, wọ́n fi irin tẹ́ inú rẹ̀, wọ́n sì ṣí i ní 2022. Àpáta ni ó ń fara da ipá gáàsì náà. Irin kàn ń dí i kí ó má jò ni, a sì gbọ́dọ̀ fara balẹ̀ yan irin náà, nítorí háídrójìn máa ń wọ inú irin mìíràn títí yóò fi sán. Bí ilé-ẹ̀kọ́ kan ní ìlú yìí bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kí ó kọ́kọ́ yẹ àpáta wa wò: ibi tí ó ti là, ibi tí omi ti ń sun, àti bí ó ti jìn tó kí á tó kan èyí tí ó dì.